Èsì lórí "ìtànnábẹ́ọkọ̀": iná abẹ́ ni, ẹ má sọ ọ́ di òdòdó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò mi, mo kí yín o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo sì panu mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston kọ ọ́ pé "ọ̀rọ̀ ti parí, ìtànnábẹ́ọkọ̀ la mú." Bí mo bá tún dákẹ́, ọ̀rọ̀ yìí á wọ inú àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń ṣe, àwọn ọmọ wa á sì máa kọ́ ọ sórí. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ló béèrè ohun tí Yorùbá ń pe iná aláràbarà tí àwọn ọ̀dọ́ ń so mọ́ abẹ́ mọ́tò, èyí tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá máa tàn yòò lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní ká mú tan iná, ká mú abẹ́, ká mú ọkọ̀, ká fi ì- ṣíwájú wọn, ó tán.

Kò tán o.

Ìtànná. Ẹ kà á sókè. Kí lẹ gbọ́? Òdòdó lèmi gbọ́. Igi tó bá tanná, ìtànná ló yọ. Gbogbo wa la mọ ìtànná eweko ìgbẹ́ inú Sáàmù 103, èyí tí afẹ́fẹ́ fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ tí kò sì sí mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti lólúwa. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé mo ra ìtànnábẹ́ọkọ̀, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, òdòdó lá sì máa wá níbẹ̀. Ẹ tún wo bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ láti orí fóònù, láìfi àmì kankan sí i. Ẹnìkan kà á sí òdòdó abẹ́ ọkọ, ìyẹn ọkọ tó níyàwó. Ẹlòmíì rí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko níbẹ̀. Ẹ ò lè dá ẹni tó kà á lẹ́bi.

Àbúrò tó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè ní Ilé-Ifẹ̀ bá mi jà níkọ̀kọ̀ pé "tan" ni mo kọ nínú "tan iná," pé tàn ló yẹ kí n kọ. Àbúrò mi, ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín: tan iná, tan fìtílà. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á padà: mo tàn án. Ìyá àgbà mi ní Ìsẹ́yìn kò mọ àbọ̀, kò mọ arọ́pò-orúkọ, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí o ṣì í pè. Mo kéré nígbà náà, ó ní kí n lọ tan fìtílà, mo padà dé, mo ní "mo ti tan án." Ó gbójú sókè láti ìdí ìkòkò, ó ní, "Mo ti tàn án ni wọ́n ń wí. Fìtílà ni wọ́n ń tàn." Títí di òní, bí mo bá ń kọ́ ọmọ ní ohùn, gbólóhùn méjì yẹn ni mo máa ń kọ sójú pátákó kí n tó kọ ohunkóhun. Ọdún 21 ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tàn bá mi jà.

Ẹ̀gbọ́n kan tún fèsì pé kí a yọ ì- kúrò ká fi a- síbẹ̀, kó di atannábẹ́ọkọ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹlòmíì dá a lóhùn pé a- kò ṣe é lò fún ohun tí kì í ṣe ènìyàn, pé apẹja àti adájọ́ ló wà fún. Ìyẹn náà kì í ṣòótọ́. Amúlétutù kì í ṣe ènìyàn. Asọ̀rọ̀mágbèsì kì í ṣe ènìyàn. Ayọ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo wa ń gùn, a- ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ ti gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń yọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń pariwo. A- kò lẹ́ṣẹ̀ kankan. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, à ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó lọ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà ń pè é.

Èmi lọ. Ká sòótọ́, họ́ọ̀nù mọ́tò mi tó yadi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rewáyà mi ní Mọ́kọ́lá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n mo bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nídùbúlẹ̀ lórí páálí lábẹ́ Corolla kan tí wọ́n ti fi jáàkì gbé sókè, iná yìí gan-an ló ń so. Mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n.

Iná náà rí pẹlẹbẹ bíi bẹ́líìtì. Mẹ́rin ni: méjì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120 fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, méjì tó jẹ́ 90 fún iwájú àti ẹ̀yìn. Ọmọ náà fi àkísà tó rin fún pẹtiróòlù nu epo àti ẹrẹ̀ kúrò lára irin, ó lẹ iná mọ́ ọn. Kò fọkàn tán gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún fi ike há a mọ́ irin níbi púpọ̀, nítorí kòtò ojú ọ̀nà. Ó gbé wáyà gba ibi tó jìnnà sí sàlẹ́ńsà, kí ooru má baà yọ́ rọ́bà ara rẹ̀. Ó fi òjé jó ibi tí wáyà ti pàdé, ó sì bò ó kí omi má baà wọ̀ ọ́.

Wáyà mẹ́rin ló jáde lára iná náà: dúdú, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Kó tó so wọ́n mọ́ àpótí tí rìmóòtù ń darí, ó fẹ́ dán an wò. Ó ti há ọ̀dà kúrò lójú kan lára irin, irin náà ń dán. Ó mú dúdú, ó fi bóòtù dè é síbẹ̀ (irin ara mọ́tò yìí ni wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì), bó ṣe máa ń de gbogbo wáyà dúdú láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́. Ó tẹ súìṣì. Òkùnkùn. Ó tún un tẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò tilẹ̀ dìde, ó ní, "Dúdú yẹn kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì. Òun ló ń gbé iná. Àwọn mẹ́ta tó kù ló ń lọ sí ẹ́ẹ̀tì." Ọmọ náà tú u, ó yí i padà, ló bá di pé sìmẹ́ńtì abẹ́ Corolla náà pọ́n roro. Ó mú wáyà mìíràn, ó di búlúù. Ó pariwo, "Ọ̀gá, iná abẹ́ ti mú!" Ọ̀gá gbé fóònù, ó pe oníbàárà: "Ẹ máa bọ̀, iná abẹ́ mọ́tò yín ti ń tàn."

Iná abẹ́. Wọn kò ronú kí wọ́n tó sọ ọ́, wọn kò sì ní láti ronú, nítorí àwọn ẹbí rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Iná iwájú ń bẹ, iná ẹ̀yìn ń bẹ, iná inú ọkọ̀ ń bẹ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n Houston ní apólà lásán nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ọkọ̀ ojú irin? Ta ló ní dandan kí orúkọ gùn bí ejò kó tó di orúkọ?

Ó tún ku ẹni tó ní a gbọ́dọ̀ túmọ̀ "neon" fúnra rẹ̀, orúkọ atẹ́gùn kan tí àwọn kan fi ń pe irú iná yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé "tuntun" ló túmọ̀ sí ní èdè Gíríìkì, nítorí náà kí a pe iná yìí ní "iná atẹ́gùn-tuntun." Òótọ́ ni pé tuntun ló túmọ̀ sí. Lọ́dún 1898 ni William Ramsay àti Morris Travers rí atẹ́gùn náà ní London. Ọmọ Ramsay, ọmọ ọdún 13, ló dábàá orúkọ kan ní èdè Látìn tó túmọ̀ sí tuntun. Bàbá rẹ̀ gba ìtumọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó yí i sí Gíríìkì, nítorí argon tí wọ́n ti sọ lórúkọ ṣáájú, èdè Gíríìkì ló ti wá. Ẹ wò ó, Ramsay náà wolé kó tó sọmọ lórúkọ! Ṣùgbọ́n kí ló kan iná Mọ́kọ́lá? Níọ́ọ̀nù gidi, inú ọ̀pá gíláàsì ló ń wà, bí irú èyí tí Georges Claude fi han àwọn ará Paris lọ́dún 1910. Àwọ̀ pupa tó fẹ́ jọ ọsàn ló ń mú wá. Ọ̀pá búlúù tí à ń pè ní níọ́ọ̀nù, argon àti mẹ́kúrì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sábẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ sọ fóòtì (volt) 12 ti bátìrì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó tó tàn. LED ni wọ́n ń tà báyìí, fóòtì 12 náà ló ń lò, kò sí atẹ́gùn kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin fẹ́ túmọ̀ ohun tí kò sí nínú ọjà.

Màmá wa kan kọ̀wé pé iná abẹ́ kò ṣe é sọ níwájú àgbà, nítorí ohun tí abẹ́ lè túmọ̀ sí lára obìnrin. Màmá, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bí wa, mo sì gbà pé bí èèyàn bá dá a sọ nínú ilé, ó lè dà bí àìsàn. Kí a máa pè é ní iná abẹ́ mọ́tò tàbí iná abẹ́ ọkọ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí àwọn rewáyà máa gé e kúrú láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ abẹ́ tí ẹ dábàá, ibòmíràn ni ipò rẹ̀. Mọ́ àti ilẹ̀ ló bí ìmọ́lẹ̀, ohun tí a rí lórí sìmẹ́ńtì sì nìyẹn gan-an: iná fara pamọ́ sókè, ilẹ̀ ló mọ́. Mo lè ní "iná abẹ́ mẹ́rin ni mo rà." N kò lè ní "ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin ni mo rà." Iná ni a ń so, ìmọ́lẹ̀ ni a ń rí.

Mo fẹ́ yin ẹnìkan kí n tó dákẹ́. Ẹni tó dá ajógbọkọ̀là fún fíúsì, wọ́n ti ń bú u láti àná pé ó ṣe ọ̀rọ̀ gígùn. Mo mọ̀ pé èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá gígùn jà ni, ṣùgbọ́n èyí mọ iṣẹ́ ohun tó sọ lórúkọ. Mítà 4.2 ni iná Corolla yẹn. Bí mítà kan bá ń jẹ wáàtì 14.4, gbogbo rẹ̀ á jẹ nǹkan bí wáàtì 60, ìyẹn ámúpù 5 lórí fóòtì 12. Fíúsì 7.5 ni ọ̀gá ní kí ọmọ náà fi sí ẹ̀bá bátìrì. Bí omi bá dé ibi tí wáyà bó, tí wáyà fara kan irin, òun lá kọ́kọ́ jó kí ọkọ̀ má baà jó. Ó jó, ó gba ọkọ̀ là. Kò dà bí ìtànná, kò sí ohun mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn rewáyà á ṣì máa pè é ní fíúsì, kò sì burú, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó wọ inú àkójọ. Ẹni tó bá sọ pé jó àti gbà là kò lè jọ wà lábẹ́ a- kan ṣoṣo, kó mú àpẹẹrẹ wá.

Ẹ yọ ìtànnábẹ́ọkọ̀ kúrò. Mo ń padà lọ sí Mọ́kọ́lá ní Sátidé nítorí họ́ọ̀nù náà. Mo máa tẹ gbogbo ojú ìwé ọkọ̀ inú àkójọ wa jáde, mo máa kà á sókè fún ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n bá ní kí n tún sọ, mo máa fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ ọjọ́ náà.