Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n skíríìnì ò tàn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti to kọ̀ǹpútà yìí tán nílé wa ní Bódìjà: CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600, bọ́ọ̀dù (motherboard) B450 àlòkù, RAM 8GB méjì, pẹ̀lú káàdì àwòrán. Tí mo bá tàn án, gbogbo fáànù á yí, àmọ́ iná pupa tín-ín-rín tí wọ́n kọ CPU sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í kú, skíríìnì á sì dúdú kirikiri. Mo ti fi RAM ọ̀kọ̀ọ̀kan dán an wò, mo yọ bátìrì bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú 10. Mo tú CPU wò: ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan ò tẹ̀. Orí jẹnẹrétọ̀ náà, bákan náà ni.

Mo mọ̀ pé B450 tó ti pẹ́ kì í dá Ryzen 5000 (ìran tí 5600 mi wà) mọ̀ láìṣe àpdéètì BIOS, ìyẹn ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà. Kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Queen Cinema, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá BIOS ni àbí bọ́ọ̀dù ló kú, nígbà tí mi ò ní CPU mìíràn tí mo lè fi dán an wò?