Ta ni kí n máa fi etí tẹ̀ lé nínú eré Grateful Dead?

Ọmọ Lágere, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tán lálẹ́, eré tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì Grateful Dead ṣe ní gbọ̀ngàn Barton Hall, ní Yunifásítì Cornell, ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1977, ni mo máa ń gbọ́. Ó wọ̀ mí lára gan-an. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti so "Scarlet Begonias" mọ́ "Fire on the Mountain", tí méjèèjì lé ní ìṣẹ́jú 25, n kì í mọ ìgbà tí orin kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Ṣé wọ́n ti fi ìyẹn dánra wò tẹ́lẹ̀ ni, àbí ojú agbo ni wọ́n ti ń rí i?

Ẹ̀gbọ́n Ìlódè:
Ojú agbo ni. Wọ́n mọ ibi tí wọn yóò ti gbéra àti ibi tí wọn yóò gúnlẹ̀ sí, àmọ́ wọn kì í la ọ̀nà àárín sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí eré alẹ́ kan kì í fi í jọ ti èkejì. Gìtá Jerry Garcia ni etí máa ń sáré bá; ẹ fi í sílẹ̀ ná, kí ẹ tẹ̀ lé Phil Lesh tí ń ta gìtá béèsì. Orí ìtò ohùn méjì péré (ìtò ohùn ni àwọn ohùn tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí òyìnbó ń pè ní chord) ni orin kejì dúró lé, nítorí náà, bí béèsì bá ti ń pààrà méjì yẹn láìyẹsẹ̀, ẹ ti débẹ̀. Lójú tèmi, bí ìyáàlù àti omele ṣe ń ṣe lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́ gan-an nìyẹn.

Àyàn Iléṣà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà pé wọ́n jọra. Bí mo bá fi ìyáàlù ki ọmọ Obòkun kan, onítọ̀hún mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí, yóò sì na ọwọ́ sí àpò. Gìtá Garcia kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, dídùn ẹyẹ ni ó ń dùn. Ohun tí mo lè fọwọ́ sí ni pé Mickey Hart, ọ̀kan nínú àwọn onílù wọn méjèèjì, mọ iyì ìlù wa: àwọn onílù ọmọ Nàìjíríà, Babatunde Olatunji àti Sikiru Adepoju, wà nínú àwo Planet Drum tí ó gbé jáde ní 1991.

Ọmọ Lágere, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo tẹ̀ lé béèsì lálẹ́ àná, mo sì gbá ibi ìyapa náà mú nígbà kẹta. Bí mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹrin ni iná lọ.