Ẹ gbà mí lọ́wọ́ numerical methods (fífi nọ́ńbà wá ìdáhùn ìṣirò tó súnmọ́ òótọ́) o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Yunifásítì n'Ìbàdàn níbí ni mo wà, ọdún kẹta, fíṣíìsì ni mò ń kà. Tó bá jẹ́ ìwé àti bírò, mo lè fi Newton-Raphson (ọ̀nà tó ń tún àbá ṣe títí á fi bá ìdáhùn) wá root 2, láti 1 bọ́ sí 1.5, 1.4167, 1.4142, ó ti tán. Orí Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà) ni wàhálà wà.

Lálẹ́ àná l'Ágbowó, iná ti lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù ti fẹ́ kú, mo ní kí Euler (ọ̀nà tó ń fi ìgbésẹ̀ kéékèèké tẹ̀lé bí nǹkan ṣe ń yí padà) bá mi ṣe dy/dt = −50y láti y = 1, mo fi step (ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan) sí 0.1, kàkà kó máa lọ sílẹ̀ ńṣe ló ń kó −4, 16, −64 jáde, ó ń fò bí ewúrẹ́ tó já okùn. Mo tún kóòdù yẹ̀ wò títí, mi ò rí àṣìṣe kankan. Ìgbà tí mo fi step sí 0.01 ló tó fara balẹ̀ (orí ló kó mi yọ, mo kàn gbìyànjú ẹ̀ ni).

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ step tó máa ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n ṣì máa fọwọ́ ara mi kọ Runge-Kutta (ọ̀nà bíi ti Euler, àmọ́ tó péye jù ú lọ) ni àbí kí n kúkú lọ bá SciPy (àkójọ kóòdù ìṣirò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún Python)? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí tẹ́ẹ̀sì dé o.