Báńnà ìsìnkú tí gbogbo ẹ̀ ń pariwo

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Báńnà ìsìnkú ìyá kan ní Kàbà ni mo ń ṣe, ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n máa so ó sí. Àwọn ọmọ ní kí fọ́tò tóbi, kí orúkọ ìyá tóbi, kí déètì tóbi, kí orúkọ àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà tóbi, kò wá séyìí tójú ń kọ́kọ́ bà. Mo dín tàwọn ọmọ kù, àkọ́bí ní ṣé mo fẹ́ fi òun pa mọ́ ni (ẹ gbà mí o). Mo tẹ̀ ẹ́ sórí A4, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo rìn sẹ́yìn, fọ́tò nìkan ni mo rí. Tí lẹ́tà orúkọ ìyá bá ga tó ínǹṣì 6, ínǹṣì mélòó ni kí n fún déètì àti orúkọ àwọn ọmọ, kẹ́ni tó wà lórí ọ̀kadà lè rí i kà?