Patch interrupt tẹ́ ẹ fọwọ́ sí tójú yín wá rí màbo: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yẹ patch, ìyẹn àtúnṣe kóòdù, wò fún kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ẹ bọ́ síbí o. Màá kọ́kọ́ sọ tèmi, ìtìjú ẹ̀ ti ń kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó ni mo wà nígbà yẹn, àpótí kékeré tó ń ka iná sólà la máa ń ṣe, Linux ló wà nínú ẹ̀, àwa la sì kọ driver tó ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ mítà. Tí mítà bá ti ní nǹkan láti sọ, á fa wáyà kan (interrupt nìyẹn), CPU á ju ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á sáré wọ inú handler wa, kóòdù tó ń dá interrupt lóhùn, handler á kó nọ́ńbà sínú bọ́fà, àyè kan nínú mẹ́mórì, CPU á padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ń ro àmàlà lọ́wọ́ tẹ́nì kan wá kanlẹ̀kùn ni. Ẹni tí àmàlà wà lórí iná ò ní lọ jókòó ti àlejò máa tàkúrọ̀sọ, á gba nǹkan tó mú wá, á sáré padà sídìí ìkòkò.

Àbúrò kan níbi iṣẹ́ wá fi patch ránṣẹ́ sí mi, ìlà mẹ́rin péré. Function kékeré kan wà tó máa ń ka iye nọ́ńbà tó ṣì wà nínú bọ́fà, spin_lock_irqsave (lọ́ọ̀kì tó tún ń pa interrupt lórí CPU yẹn) ló wà níbẹ̀, ó yọ ọ́, ó fi spin_lock lásán, tí kì í pa á, rọ́pò. Àlàyé tó kọ ni pé inú handler ni wọ́n ti ń pè é, kernel sì ti pa interrupt lórí CPU yẹn kí handler tó bẹ̀rẹ̀, kí la wá tún ń pa á fún lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ sì ni, láti kernel 2.6.35 ni gbogbo handler ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú interrupt ní pípa. Mo wo ìlà mẹ́ta òkè àti mẹ́ta ìsàlẹ̀ tí git, tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, fi hàn mí, mo ní ọmọ yìí ti ń gbọ́n o, mo kọ Reviewed-by (pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò), mo fi orúkọ mi sí i, mo lọ jẹun.

Mi ò béèrè pé ta ló tún ń pe function yẹn. git grep kan ṣoṣo, tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú kóòdù, ì bá ti sọ fún mi. Fáìlì kan nínú sysfs, níbi tí app ti ń ka ọ̀rọ̀ látọ̀dọ̀ kernel, náà ń pè é, app wa sì máa ń ka fáìlì yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún, interrupt ò sí ní pípa níbẹ̀ rárá. Ẹ wá wò ó: app gba lọ́ọ̀kì, ó ń kà lọ, mítà fa wáyà lórí CPU yẹn kan náà, handler ti app sẹ́gbẹ̀ẹ́, handler náà fẹ́ gba lọ́ọ̀kì, lọ́ọ̀kì sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Ó dà bí ẹni tó tilẹ̀kùn láti inú, tó gba ojú fèrèsé bọ́ síta, tó wá ń kanlẹ̀kùn pé kí ẹni tó wà nínú ilé ṣí i fún òun.

Kò sì ṣẹlẹ̀ lọ́fíìsì o! Bọ́ọ̀dù tá a fi ń dánwò, CPU kan ló ní, ẹyọ kan náà la kọ́ kernel ẹ̀ fún, lórí irú ẹ̀ spin_lock kì í ti nǹkan kan, kì í jẹ́ kí iṣẹ́ míì gba CPU náà ni, ó tán. Bọ́ọ̀dù tuntun tá à ń tà ló ní mẹ́rin, CPU0 ni interrupt mítà sì ń lọ, àfi kí app wa náà bọ́ sórí CPU0 lásìkò bíńtín yẹn gan-an kó tó há. Oníbàárà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, nígbà míì márùn-ún, àpótí á dákú, iná ẹ̀ á ṣì máa tàn, kò kàn ní dá èèyàn lóhùn. A ní iná ìjọba ló ń bà á jẹ́, a pààrọ̀ páwà, a pààrọ̀ mẹ́mórì káàdì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ pààrọ̀ oníbàárà fúnra ẹ̀. Nígbà tó sú mi mo gbé láptọ́ọ̀pù àti wáyà serial lọ síbẹ̀, mo sùn sórí àga ní pálọ̀ onílé, nǹkan bí aago méjì òru ló kọ ọ́ sójú skrínì: rcu_preempt detected stalls on CPUs/tasks, ìyẹn ni pé nǹkan ti há, orúkọ handler wa sì wà nínú ohun tó tẹ̀ lé e. Mo ṣe git blame, tó ń sọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àbúrò yẹn ni. Mo ka ìsàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀ sí i, èmi rèé.

Èyí tó dùn mí jù ni pé CONFIG_PROVE_LOCKING, àyẹ̀wò lọ́ọ̀kì téèyàn lè tàn nínú kernel, ì bá ti mú un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àní lórí bọ́ọ̀dù oní-CPU kan yẹn. Kò dìgbà tí nǹkan bá há. Kó ṣáà ti rí lọ́ọ̀kì náà lẹ́ẹ̀kan nínú handler, kó tún rí i lẹ́ẹ̀kan níbi tí interrupt ti ṣí sílẹ̀, "inconsistent lock state" ló máa kọ sí ẹ lójú. A ti pa á torí pé ó ń mú bọ́ọ̀dù fà! Ọ̀gá wa ò bá mi jà, ó kàn ní "ta ló tún ń pè é?" Títí dòní, ohun tí mo máa ń kọ sábẹ́ patch interrupt nìyẹn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ti pálọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín jàre. Manchester níbí ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Káàdì PCI àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, tó ń bá USB pín wáyà interrupt kan náà. Ẹ mọ̀ pé tí wáyà àjọpín bá dún, kernel á máa bi handler kọ̀ọ̀kan pé ṣé ìwọ ni, kálukú á dáhùn, IRQ_HANDLED (èmi ni) tàbí IRQ_NONE (èmi kọ́). Ẹnì kan wá fẹ́ kí káàdì máa pariwo tó bá ti gbóná jù, ó ṣí bit tuntun kan nínú register mask, ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tó lè fa wáyà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lójú ara mi, mo gbé datasheet (ìwé àlàyé káàdì náà) sẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà bit náà pé, mo tiẹ̀ bá a jà lórí kọ́mà inú kọ́mẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n handler ò sí nínú diff (àwọn ìlà tí patch yí padà), mi ò sì lọ ṣí i. Àwọn bit àtijọ́ nìkan ni handler yẹn ń wò.

Oṣù kìíní nìyẹn, yàrá tá a ti ń dánwò tutù bíi fíríìsà, kí ló fẹ́ gbóná níbẹ̀. Ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, káàdì gbóná, ó fa wáyà, handler wa wo bit àtijọ́, ó ní èmi kọ́ o, USB náà ní èmi kọ́, wáyà ò sì kúrò nílẹ̀, kernel tún bi wọ́n, èmi kọ́, èmi kọ́. Kernel máa ń kà á. Tí 99,900 nínú 100,000 ò bá ní ẹni tó ni ín, á kọ "irq 18: nobody cared", á wá pa wáyà yẹn pátá, Disabling IRQ #18. Kíbọ́ọ̀dù àti mouse wà lórí USB yẹn, àwọn náà kú ikú ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó ń lò ó ra kíbọ́ọ̀dù tuntun méjì kó tó pè wá.

Ẹ gbọ́ àtúnṣe tẹ́nì kan mú wá o: kí handler máa dáhùn IRQ_HANDLED nígbà gbogbo. Mo ní háà, rárá. Kernel ò ní pariwo mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n káàdì ò tíì gbẹ́nu dákẹ́, CPU á kàn máa wọlé jáde ibẹ̀ títí ayé ni. Ẹ lọ pa bit yẹn níbi tó ti ń ké.

* * *

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bú mi, èmi ni mo kọ tèmi, ẹlòmíì ló yẹ̀ ẹ́ wò. Mo pe disable_irq, tó ń pa interrupt kan, nínú handler, mo sì fún un ní nọ́ńbà interrupt tí handler náà ń bójú tó. disable_irq máa ń dúró kí handler tó ń lọ lọ́wọ́ parí kó tó padà. Handler tó ń lọ lọ́wọ́ sì ni èmi. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ò bú mi, ó kàn bi mí pé ta ni mò ń dúró dè. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó bú sẹ́rìn-ín. disable_irq_nosync ló yẹ, èyí ò ń dúró de ẹnikẹ́ni.

* * *

Tèmi, ìgbà tí driver ti ń kú lọ ló ṣẹlẹ̀, Houston ni mo wà. request_irq ni driver fi ń gba interrupt, free_irq ló fi ń dá a padà. Mo fẹ́ràn devm_request_irq torí ó máa ń gbálẹ̀ fúnra ẹ̀, nígbà tí wọ́n wá fi pààrọ̀ request_irq tí wọ́n sì yọ free_irq kúrò nínú remove (ibi tí driver ti ń palẹ̀ mọ́), inú mi dùn, kóòdù kúrú. Mo gbàgbé pé ìgbà tí remove bá ti parí ni devm tó ń gbálẹ̀. remove wa sì ti pa clock device, èyí tó ń mú kó ṣiṣẹ́. Láàárín méjèèjì interrupt ṣì lè wọlé, handler á lọ ka register tí clock ẹ̀ ti kú, bọ́ọ̀dù á gan pa. Ọpẹ́lọpẹ́ CONFIG_DEBUG_SHIRQ, àyẹ̀wò míì nínú kernel, torí wáyà àjọpín ni, tí wọ́n bá ń tú u sílẹ̀ ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pe handler lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè rí i bóyá ó ti múra. Tiwa ò múra. rmmod (àṣẹ tó ń yọ driver) àkọ́kọ́ gan-an ló ti há.

Ẹ tún ṣọ́ra fẹ́ni tó bá fẹ́ yọ readl (tó ń ka register) tó wà lẹ́yìn writel (tó ń kọ sí i) nítorí pé kò sẹ́ni tó ń lo iye tó kà. Lórí PCI, writel lè ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tí handler ti parí, readl yẹn ló ń fipá mú un dé.

* * *

Ẹ ṣé o gbogbo yín. Ti àbúrò tó ń dúró de ara ẹ̀ yẹn, mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Àǹtí Manchester, èmi náà ti jà lórí kọ́mà rí, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Patch kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó gbé request_irq sókè nínú probe (ibi tí driver ti ń bẹ̀rẹ̀), ó wá ṣáájú ibi tí wọ́n ti ń pèsè bọ́fà. Ó ní kóòdù á rọrùn kà. Mo ti bi í pé tí device bá ti ń pariwo látinú kernel tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, irú ti kdump, níbi tí kernel kejì ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ kú, tí interrupt dé kí bọ́fà tó wà, ibo ni handler fẹ́ kó nọ́ńbà sí? Láti àárọ̀ o, kò tíì dá mi lóhùn.