Ṣé ká hú ewéko tó bo iyanrìn etí òkun wa kúrò?

ỌmọEtíÒkun: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ìdílé wa nílẹ̀ lọ́nà Lẹ́kí níbẹ̀yẹn, a fẹ́ kọ́ ibi ìgbafẹ́ sí i. Ewéko kan ló ń fà lọ rẹrẹ lórí iyanrìn, òdòdó ẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Ẹni tó fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ ní ká jẹ́ kí katakata hú u dànù kó sì tẹ́ òkìtì iyanrìn iwájú pẹrẹsẹ káwọn kọ́sítọ́mà lè máa rí òkun. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé ewéko yẹn ń ṣiṣẹ́ kankan?

Ìyá Alágbọn: Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án o! Ṣé ewé ẹ̀ là lórí bíi pátákò ewúrẹ́? Òun ló ń bá yín di iyanrìn mú nìyẹn. Atẹ́gùn ló ń gbé iyanrìn bọ̀, tó bá ti kan ewéko yẹn á jù ú sílẹ̀, ewéko á tún yọrí lókè ẹ̀, á ta gbòǹgbò tuntun, bí òkìtì ṣe ń ga nìyẹn. Tí ìgbì ńlá bá dé, òkìtì yẹn ló máa kọ́kọ́ jẹ. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ́ ẹ, ilé yín ló kàn.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó: Òótọ́ ni ìyá sọ, apá ibẹ̀ yẹn ò sì ní iyanrìn tí wọ́n lè fi ṣòfò. Láti apá Bàdágìrì ni iyanrìn ti ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìgbà táwọn òyìnbó kọ́ odi òkúta sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ òkun láàárín 1908 sí 1912 ni ìrìn ẹ̀ já, ó ń kó jọ sí Lighthouse Beach lápá ìwọ̀ oòrùn odi yẹn, òkun wá ń jẹ Bar Beach ní Victoria Island lápá ìlà oòrùn ẹ̀. Àìmọye ìgbà nìjọba da iyanrìn síbẹ̀, òkun ń kó o lọ. Loṣù kẹjọ 2012 omi ya lu etí òkun Kúrámò ní Victoria Island níbẹ̀, ó gbẹ̀mí èèyàn. Àwọn típà tó ń bu iyanrìn létí òkun tún ń dá kún un, ó ń dùn mí gan-an.

Adékúnlé_Omi: Ẹ̀yin àgbà, ìjàpá òkun ńkọ́? Òru ló ń gòkè wá yé, á fẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, á yé ẹyin bí ọgọ́rùn-ún, á bò ó, á padà sómi, iyanrìn ló ń bá a sàba fún bí oṣù méjì. Tí iyanrìn bá gbóná jù, abo ló máa pọ̀ jù. Táwọn ọmọ bá jáde, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ń sáré lọ. Tẹ́ ẹ bá tan gílóòbù kọjú sókun, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa wá kú sí. Òkìtì yẹn ló ń bá wọn dí iná ilé.

ỌmọEtíÒkun: Ẹ ṣé gan-an. A ò hú nǹkan kan mọ́, afárá pákó la máa gbé gba orí òkìtì kọjá. Irú igi wo ni iyọ̀ òkun kì í tètè jẹ?