Ìmọ̀ràn lórí iwájú onípáìpù fún BMW E36 tí mo fẹ́ fi sáré drag

Ọmọ Mákun, Ṣàgámù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. BMW E36 kan (BMW 3 Series ti àwọn ọdún 1990) ni mo ń tò fún eré drag, ìyẹn eré ojú ọ̀nà tààrà, mítà 402. Kò ní rìn lójú títì mọ́. Mo ti tú inú rẹ̀ tán, àga awakọ̀ nìkan ló kù. Iwájú ló kàn: mo fẹ́ gé àwọn irin pẹlẹbẹ tó gbé fẹ́ńdà, iná àti rédíétọ̀ dànù, kí n fi páìpù rọ́pò wọn kó lè fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, irú páìpù wo ni kí n rà? Ibo ni kí n gé e dé? Wẹ́dà àdúgbò wa ní kí n ra páìpù omi wá, pé òun á fi iná tẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi ò gbà á.

Bàbá Wẹ́dà, Ìjẹ̀bú-Òde
Àbúrò, má gbà á o. Páìpù omi kì í ṣe ohun tí a fi ń kọ́ ṣasí. Síńkì ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Bí iná bá kàn án, èéfín funfun tó ń yọ máa ń kó ibà àti òtútù bá ẹni tó ń jó o pọ̀ (ìyẹn wẹ́dà), ó sì máa ń jẹ́ kí ojú ìjó ní ihò wẹ́wẹ́.

Ti fífi iná tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? A máa ń rọ iyanrìn gbígbẹ kún inú páìpù ká tó fi iná mú un tẹ̀, ó sì dáa fún géètì. Ọkọ̀ eré yàtọ̀. Ibi tí iná ti mú pupa, agbára irin ibẹ̀ ti yí padà, ojú ò sì lè rí bó ṣe yí tó. Ẹ̀rọ tó ń tẹ páìpù ní tútù ni kí o wá, èyí tí bàtà rẹ̀ (irin oníkòtò tí páìpù ń jókòó sí) bá ìwọ̀n páìpù náà mu gẹ́lẹ́. Èyí tí àwọn púlọ́ḿbà ń lò máa ń tẹ ikùn páìpù wọlé. Bí o bá rí ibi tó wọlé lójú ìtẹ̀, má gbà á lọ́wọ́ wọn, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ọ́ tó.

Bí o bá lọ rà á ní Owódé Onírin l'Ékòó, mú káálípà (irin tí a fi ń wọn nǹkan tín-ín-rín) dání. Wọn bí ara rẹ̀ ṣe nípọn tó ní ẹnu méjèèjì. Èyí tí kò ní ojú ìjópọ̀ nínú ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹnjiníà Ìlíṣàn
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kún un.

Páìpù irin lásán tó fẹ̀ ní mìlímítà 41, tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3, máa ń wọn nǹkan bíi kílò 2.8 ní mítà kan. Chromoly 4130 (irin tí wọ́n po chromium àti molybdenum mọ́) tó fẹ̀ bákan náà, tí ara rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.1, á wọn bíi kílò 2. Kì í ṣe pé irin chromoly fúnra rẹ̀ fúyẹ́. Ó lágbára jù ni, ìdí nìyẹn tí a fi lè lo èyí tó fẹ́lẹ́. Bí iwájú rẹ bá gba mítà 10, kílò 8 péré ni ìyàtọ̀. Àwọn eléré drag máa ń ṣírò rẹ̀ pé kílò 45 tó bá kúrò lára ọkọ̀ á dín nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kù lórí mítà 402. Fi kílò 8 wé e, kí o wá bi àpò rẹ léèrè.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀. NHRA, àjọ tó ń ṣètò eré drag ní Amẹ́ríkà láti 1951, kò gbà kí wọ́n fi ohun mìíràn jó chromoly yàtọ̀ sí TIG (wẹ́dà tí a ń fi ọwọ́ kejì ti wáyà sí). Irin lásán, wọ́n gbà á ní MIG (wẹ́dà tí ẹ̀rọ ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀) tàbí TIG. Wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi gíráńdà fá ojú ìjó. Bó bá jẹ́ MIG ni wẹ́dà rẹ ní, irin lásán ni kí o rà.

Má sì lo ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo. Páìpù tó gbé rédíétọ̀ àti fẹ́ńdà kò nílò ju ínǹṣì kan lọ ní fífẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ìfúyẹ́ wà, láìjẹ́ pé o ná owó chromoly.

Àǹtí Onírin, Ọ̀dọ̀gbólú
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Bàbá àti Ẹnjiníà. Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ kejì ló ká mi lára jù, torí òun ló ń pa ọkọ̀. Níwájú ilé ṣọ́kù ni kí o ti gé e. Má fọwọ́ kan ilé ṣọ́kù fúnra rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Lára E36, ṣọ́kù àti sípíríǹgì ń ti ẹrù lọ sókè sínú ilé ṣọ́kù. Nísàlẹ̀, irin ìdábùú tó gbé ẹ́ńjìnnì ló tún gbé ráákì sítíárìn (irin tó ń yí táyà), òun àti apá ìsàlẹ̀ (irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú nísàlẹ̀) sì wà lórí irin gbọọrọ méjì tó gba abẹ́ ilé ṣọ́kù kọjá. Bí o bá gé àwọn yẹn, ìwọ ni o máa pinnu gbogbo igun táyà iwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí apá sítíárìn àti apá ìsàlẹ̀ kò bá wá rìn pọ̀ dáadáa, táyà á máa yí fúnra rẹ̀ nígbà tí imú ọkọ̀ bá gbéra, nígbà tí o di sítíárìn mú gbọin. Ọkọ̀ drag sì rèé, gbígbéra ni iṣẹ́ imú rẹ̀.

Gbé páìpù kan láti orí ilé ṣọ́kù kọ̀ọ̀kan lọ sẹ́yìn, kó gba ara ògiri irin tó wà níwájú ẹsẹ̀ awakọ̀ kọjá, kó bá irin àgò inú ọkọ̀ (páìpù tó yí awakọ̀ ká láti dáàbò bò ó) pàdé. Gbé òmíràn láti ibẹ̀ wá síwájú lọ sísàlẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ di onígun mẹ́ta. Igun mẹ́rin tí kò ní irin ìdábùú á máa yẹ̀ ṣáá, bí o tiẹ̀ jó o dáadáa, gẹ́gẹ́ bí igi òrùlé tí káfíńtà kò fi igi ìdábùú dè. Imú fúnra rẹ̀, bóòtì ni kí o fi dè é, kí o lè yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ jáde.

Eléré Ìpẹru
Àǹtí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi ò fara mọ́ ọn tán. Bó bá ń wá agbára ńlá lọ́jọ́ iwájú, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ṣe. Kó gé gbogbo rẹ̀, kó fi páìpù ṣe apá ìsàlẹ̀, kó sì jẹ́ kí orí ẹsẹ̀ táyà tẹ̀ sẹ́yìn dáadáa kí ọkọ̀ lè máa lọ tààrà.

Àǹtí Onírin, Ọ̀dọ̀gbólú
Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ní tábìlì irin títẹ́jú tó gba gbogbo ọkọ̀, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn igun, kó ṣe é. Ọmọ yìí ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ìfúyẹ́ tó pọ̀ jù wà níwájú ilé ṣọ́kù: irin bọ́ńpà, ilé iná, ilé rédíétọ̀, ilé fẹ́ńdà. Ìyókù ò tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí wéwu.

Civic Ògèrè
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ṣe irú rẹ̀ sí Honda Civic mi?

Ẹnjiníà Ìlíṣàn
Ní pẹ̀lẹ́. Táyà iwájú ló ń fa tìrẹ. Nígbà tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó gbéra, ẹrù á ti kúrò níwájú lọ sẹ́yìn, bí o bá sì tún dín ẹrù iwájú kù, táyà á kàn máa yí lójú kan. Ẹ̀yìn ni kí o kọ́kọ́ tú. Ti E36 yàtọ̀: táyà ẹ̀yìn ló ń tì í.

Ọmọ Mákun, Ṣàgámù
Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á fi kún ọgbọ́n yín. Irin lásán ni màá lò, MIG, màá sì gé e níwájú ilé ṣọ́kù. Bàbá, báwo ni mi ò ṣe ní jẹ́ kó wọ́ nígbà tí a bá ń jó o?

Bàbá Wẹ́dà, Ìjẹ̀bú-Òde
Kí o tó gé ohunkóhun, gbé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, kó tẹ́jú. So okùn olójé sí àwọn ojú bóòtì ìsàlẹ̀, fi ẹfun sàmì ibi tó bọ́ sí lórí sìmẹ́ńtì, kí o sì wọn ìdábùú láti igun dé igun. Irin àgò gbọ́dọ̀ ti wà nínú ọkọ̀ kí o tó gé iwájú. Tú bátìrì àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kúrò, torí iná wẹ́dà lè bà wọ́n jẹ́.

Gé ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan bí ẹnu ẹja kó gbá ara èkejì mú láìsí àlàfo. Fi iná kan gbogbo rẹ̀ ní ìkànkàn péépéé kí o tó jó ọ̀kan parí. Lẹ́yìn náà, jó díẹ̀ lápá ọ̀tún, jó díẹ̀ lápá òsì, máa wọn ìdábùú lọ. Má da omi sí i kó lè tètè tutù. Bí ìdábùú bá yẹ̀, dúró.

Tó o bá ti parí, ọkọ̀ akẹ́rù ni kó gbé e lọ sí pápá eré. Má wà á lọ sí márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin láé, torí ohun tí ó yẹ kó gba ìkọlù níwájú ti kúrò. Bí o bá ti ra páìpù, fi fọ́tò ẹnu rẹ̀ àti káálípà ránṣẹ́ síbí kí a bá ọ wò ó.